Ọmọlangidi Aláṣọ

Ní Punta Arenas, níbi tí ilẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán,
afẹ́fẹ́ kì í kanlẹ̀kùn kó tó wọlé.
Wọ́n na okùn sí ẹ̀gbẹ́ títì
kí arúgbó lè rí nǹkan dì mú.
Èmi Eduvina Mansilla, aṣọ ìnulẹ̀ ni okùn tèmi.
Aago mẹ́fà ìdájí ni mo ń ṣílẹ̀kùn yàrá onímọ̀-ọkàn,
lókè ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta bàtà.

Ẹ̀gbọ́n mi a máa fi mí ṣẹ̀fẹ̀:
"Kí lẹ ń fọ̀ níbẹ̀? Ẹ̀jẹ̀ kì í ta sílẹ̀,
ẹnikẹ́ni kì í gbabẹ́rẹ́. Ọ̀rọ̀ ṣáá ni wọ́n ń sọ."
Ọ̀rọ̀ ni, lóòótọ́.
Ẹnu tó ń sọ ọ́ náà ló ń wúkọ́.
Ọwọ́ tó nu omijé ló di ọwọ́ ìlẹ̀kùn mú.
Obìnrin kan sunkún fún wákàtí kan,
ó fi ìwé ìnujú mọ́kànlá sílẹ̀ nínú agbọ̀n.
Mo ka iye wọn kí n tó so ẹnu àpò;
ẹ̀dùn inú wọn, n kò kà á.

Ọdún tí ikọ́ gbòde,
Milenka, ọ̀gá mi, ní ká ṣí fèrèsé.
A ṣí i. Afẹ́fẹ́ gbé èémí burúkú jáde,
ó gbé àṣírí ọkùnrin kan mọ́ ọn,
ó di ẹnu ọ̀nà ọlọ́jà bàtà.
A tì í. Ikọ́ padà. A tún un ṣí.
Níkẹyìn ó gbé rédíò kan sí ẹsẹ̀ fèrèsé,
rédíò tí kò mú ibùdó kankan,
kó máa hó bí òjò lórí páànù,
kí títì má baà gbọ́ ju òjò lọ.

Àga Milenka ló súnmọ́ ilẹ̀kùn jù.
Bọ́tìnnì kan wà lábẹ́ tábìlì rẹ̀.
Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló dún ní ọdún mẹ́sàn-án.
N kò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.
Ìka kan ni mo fi ń nù ún, jẹ́jẹ́, kó má baà jí.

Lóṣù kẹfà, iná wọ yàrá ìṣeré,
iná tí kì í jó ilé,
iná tó ń yún ni lórí.
Mo da iyanrìn inú àpótí nù.
Mo ri ẹṣin rọ́bà, màlúù rọ́bà,
àti bàbá rọ́bà tí àwọn ọmọ máa ń sin
sínú omi apakòkòrò.
Ó wá ku ọmọlangidi aláṣọ,
ẹni tí ikùn rẹ̀ kún fún ìyẹ̀fun pákó.
Òfin wà lára ògiri: ohun tí kò ṣeé fọ̀, ẹ sọ ọ́ nù.

Ṣùgbọ́n etí ọmọlangidi yẹn
nìkan ni Amaro Oyarzo ń bá sọ̀rọ̀.
Ọmọ ọdún mẹ́fà. Láti ìgbà ìjàǹbá ọkọ̀ ojú omi náà,
kò dáhùn ẹnikẹ́ni.

Mo gbé e sínú ọ̀rá, mo so ó pinpin,
mo kọ ọjọ́ sí i lára: ọ̀sẹ̀ méjì, kí iná kú.
Milenka wò mí, kò wí nǹkan kan.
Ọjọ́bọ̀, Amaro dé. Ó wá a lábẹ́ àga,
ó wá a nínú àpótí tó ṣófo,
ó rí i lórí pẹpẹ, lẹ́yìn ọ̀rá.
Ó yíjú sí mi, èmi tí mo gbé garawa dání:
"Ṣé ó ń mí?"

Omi dà sí mi lẹ́sẹ̀.
"Díẹ̀díẹ̀," ni mo wí.

Ọjọ́ kẹrìnlá, ó fọ ọwọ́ rẹ̀ kó tó gbà á,
àárín ìka, ẹ̀yìn àtàǹpàkò, dé ọrùn ọwọ́,
bí mo ṣe kọ́ ọ.
Ó gbé ẹnu sí etí aṣọ náà.
Ohun tó sọ, n kò mọ̀.
Rédíò ń hó bí òjò.